Bí Owó Ìfẹ̀yìntì Ṣe Di Ẹ̀tọ́, Àti Bí Àwọn Àgbà Ṣe Di Ẹgbẹ́ Torí Rẹ̀

Àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó máa ń kóra jọ sí Alágbàkà, àdúgbò ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ń béèrè owó wọn lọ́wọ́ ìjọba, kì í ṣe alágbe. Ohun tí wọ́n ń béèrè ní ìtàn, ìtàn náà sì ti wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ rárá.

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló kọ́kọ́ ṣòfin owó ìfẹ̀yìntì nílẹ̀ wa. Ọdún 1951 ni òfin náà jáde, wọ́n sì ní kó mú láti ọjọ́ kìíní ọdún 1946. Àwọn òyìnbó tó wá sìn lókè òkun ni wọ́n ro tiwọn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ọmọ Nàìjíríà náà lè rí nǹkan gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ gómìnà àgbà ló wà. Bó bá wù ú, á fọwọ́ sí i. Bí kò bá wù ú, akọ̀wé tó ti sìn títí irun rẹ̀ fi funfun ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo nìyẹn. Oore ni wọ́n kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ọdún 1945 gan-an, ọdún kan ṣáájú ọjọ́ tí òfin yìí mú, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú wọn, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan nítorí ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ. Wọ́n ti mọ̀ pé owó òṣìṣẹ́ kì í fúnra rẹ̀ ga.

Òfin tuntun dé ní 1979, òun náà mú sẹ́yìn dé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1974, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Udoji, tó tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba wò. Nígbà tó yá, ìṣirò náà gòkè débi pé ẹni tó bá sìn fún ọdún 35 yóò gba gratuity, ìyẹn owó gọbọi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó tó owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, yóò sì máa gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà kẹ́yìn títí tí yóò fi papò dà. Ìlérí ńlá ni.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ nígbà yẹn. Ní 1978, ìjọba kó àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kéékèèké tó lé ní ẹgbẹ̀rún pọ̀ di 42, tiwọn sì wà lára wọn, lábẹ́ NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà. Mo ka èyí sí ohun pàtàkì. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè ti ọ́fíìsì pa. Kí ni ẹni tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ tì pa? Pípọ̀ wọn nìkan ni agbára wọn, àti ìwé tí wọ́n tọ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú ni pé òfin ka owó náà ní náírà, kò kà á ní gààrí. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn olùkọ́ wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, wọ́n nílò tíṣà níbi gbogbo, àwọn ọ̀dọ́ láti Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Èkìtì sì ya wọ inú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, 1990 ni ọdún 35 rẹ̀ pé. Ó wọlé sábẹ́ ìjọba Ìbàdàn, Àkúrẹ́ ló ti jáde, nítorí 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Ìjọba ológun ti lé ẹgbàágbèje òṣìṣẹ́ dà nù ní 1984. Ní 1986, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé: ìjọba dín ìnáwó kù, náírà sì já wálẹ̀ lọ́wọ́ dọ́là. Àárín ìyẹn ni tíṣà wa fẹ̀yìn tì sí. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 125 náírà ní 1981, ó di 250 ní 1991, ó di 5,500 ní àwọn ìpínlẹ̀ ní 2000. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lórí owó àtijọ́, tí wọn kò bá bá a tún un ṣe, kò lè fi owó oṣù rẹ̀ ra oúnjẹ ọjọ́ kan. Ẹni tó kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń gba ìlọ́po owó tirẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ dì mú ni abala 210 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999. Ó ní ẹ̀tọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe dá a dúró tàbí yí i padà sí ìpalára ẹni tó ni ín bí kò bá bá òfin mu, pé kí wọ́n sì máa tún un wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí wọ́n bá ń tún owó oṣù òṣìṣẹ́ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ yá nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í sọ̀wédowó. Ní 2010, ìjọba àpapọ̀ fi ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò san án. Àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pe ìpàdé, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n ń tò lọ sí ọ́fíìsì gómìnà.

Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ láti àárín 2014, àwọn ìpínlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òṣìṣẹ́ lówó, Oǹdó náà kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá owó Paris Club, ìyẹn owó tí wọ́n ti yọ jù lára owó àwọn ìpínlẹ̀ láti fi san gbèsè òkè òkun, padà fún wọn ní òpin 2016, ó ní kí wọ́n fi ìdajì rẹ̀ san owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Gratuity ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló kú kó tó kàn wọ́n. Ó dùn mí gan-an, nítorí owó ilé tí wọn ò parí àti owó ilé-ìwòsàn nìyẹn.

Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní oṣù Keje 2024, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì fọwọ́ sí 73,000. Ìjọba àpapọ̀ kéde 32,000 gẹ́gẹ́ bí àfikún fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tirẹ̀ tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2024 yẹn kan náà sọ àtúnwò owó oṣù di ọdún mẹ́ta mẹ́ta dípò márùn-ún. Bí abala 210 bá ṣì wà bó ṣe wà, 2027 ni ẹgbẹ́ náà tún lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ béèrè.