Kíndìnrín kì í ṣe asẹ́ ògì

Lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà, kí aago méje àárọ̀ tó lù, alágbo ti to ìgò sínú basíà: ọ̀pá ẹ̀yìn, jẹ̀díjẹ̀dí, àti ọ̀kan tó pọ́n fòò tó ní ti "toilet infection" ni. "Mu kọ́ọ̀pù kan, ọmọ mi, á fọ kíndìnrín ẹ mọ́ tónítóní." Ọmọbìnrin tí ìtọ̀ ti ń ta láti àná gbé e mì, ó ju ibuprofen méjì lé e, ó bá sá tẹ̀lé dánfó Yábàá.

Èmi ò bá ìyá alágbo jà. Ọ̀rọ̀ fífọ̀ yẹn ni mo ń bá jà, bíi pé asẹ́ ni kíndìnrín, tó bá ti dí, ká kàn da nǹkan lù ú.

Asẹ́ kì í fi nǹkan kan kún ògì. Kíndìnrín ń fi nǹkan kún ohun tó ń sẹ́. Nǹkan bíi 180 lítà omi ló ń sẹ́ lára ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, ó ń dá èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì ló ń jáde bí ìtọ̀. Inú ìtọ̀ náà ló ń da pròtéènì kan sí, uromodulin, tí Tamm àti Horsfall ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1950. E. coli, kòkòrò tó sábà máa ń fa àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, ní ìwọ̀ tíntìntín tó fi ń rọ̀ mọ́ ara àpò ìtọ̀ bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dánfó. Uromodulin á ti dì mọ́ ìwọ̀ náà kó tó débẹ̀, ìtọ̀ á sì gbá a lọ. Eku tí wọn ò jẹ́ kó ní pròtéènì yìí tètè ń kó àrùn náà. (Ìdí tiwa fúnra wa ni E. coli sì ti sábà ń wá, kì í ṣe orí ṣálángá aládùúgbò.)

Tí kíndìnrín bá wá farapa lójijì ńkọ́? Ìgbẹ́ gbuuru tó fa omi ara tán lè fà á. Oògùn ìrora bí ibuprofen lára ẹni tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ lè fà á. Àwọn egbò igi kan náà lè fà á, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìgò pupa yẹn. Ibi tó ń ṣe uromodulin á fara gbá, èyí tó ń dé inú ìtọ̀ á dínkù. Ìtọ̀ fúnra rẹ̀ lè má tó píọ̀ wọ́tà kan lójúmọ́, kí ló máa wá gbá kòkòrò jáde? Ìdọ̀tí tó kù sínú ẹ̀jẹ̀ tún ń sọ àwọn ọmọ ogun ara di ọ̀lẹ. Tí wọ́n bá ki rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde (catheter) bọ ojú ìtọ̀ aláìsàn ní ọsibítù, kòkòrò tún rí ọ̀nà mìíràn gbà wọlé.

Ike kékeré tí wọ́n ń tọ̀ sí ní láàbù ló yẹ kí ọmọbìnrin yẹn kọ́kọ́ gbà. Tí ibà bá dé, tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dínkù, kó má dúró de ọjọ́ kejì.