Kì í ṣe ojú ló ń yí lẹ́tà padà

Ọmọ fẹ́ kọ "baba", "dada" ló kọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ pa á rẹ́, ó ní kó tún un kọ. "Dada" náà ni. Nígbà tó yá, ó di ilé oníṣègùn ojú. Ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé àwọn ọmọ tó ní dyslexia, ìṣòro ìwé kíkà tó máa ń bá èèyàn wáyé, ń rí lẹ́tà lódìlódì, pé gíláàsì aláwọ̀ ló máa tún un ṣe.

Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1896 tí Dókítà Pringle Morgan kọ̀wé ní England nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó mòye dáadáa àmọ́ tí ìwé kíkà ṣòro fún, ó sọ ọ́ kedere pé ojú ọmọ náà dá ṣáṣá.

Èyí tó dá mi lójú jù ni iṣẹ́ olùṣèwádìí kan, Frank Vellutino, ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970. Ó fi ọ̀rọ̀ èdè Hébérù han àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Hébérù rárá, àwọn tó mọ̀wé kà àtàwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, ó gbé e kúrò, ó ní kí wọ́n yà á látorí. Ọgbọọgba ni wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ ojú ló ń dàrú, ṣé kò yẹ kí ti Hébérù náà dàrú ni?

Ewúrẹ́ kọjú sápá ọ̀tún, ó kọjú sósì, ewúrẹ́ náà ni. Lẹ́tà nìkan ló ń yí orúkọ padà tó bá yíjú, ìdí nìyẹn tí ọmọ kékeré èyíkéyìí fi lè pa b àti d pọ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ibi ìró ọ̀rọ̀ ni ìṣòro náà sábà máa ń wà. Ẹ sọ fún ọmọ pé kó yọ ìró àkọ́kọ́ kúrò nínú "bàtà", kó sọ ohun tó kù. Ọmọ tó ní dyslexia lè pẹ́ gan-an kó tó rí "àtà" pè, bẹ́ẹ̀ ó ń wọ bàtà lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní olódo.

Ó dáa kí wọ́n yẹ ojú ọmọ wò, torí ojú lè ní àìsàn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àmọ́ lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé àti ti ojú ní Amẹ́ríkà jọ sọ pé kò sí ẹ̀rí tó múná dóko pé gíláàsì aláwọ̀ ń wo dyslexia sàn. Ohun tí ìwádìí tì lẹ́yìn ni kíkọ́ ọmọ ní ìró àti lẹ́tà tó dúró fún un, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Wọ́n ti fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọpọlọ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ báyìí, apá òsì ọpọlọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé sì ti ń jí sí iṣẹ́.