Irúgbìn tí kò tíì hù kọ́ ni òkú irúgbìn

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé irúgbìn tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ láìhù ti kú, ká dà á nù. Àgbàdo ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ti rẹ ilẹ̀, kì í pẹ́ yọrí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àgbàdo ti ń bá èèyàn gbé. Irúgbìn inú igbó ò mọ ẹnì kankan.

Ọ̀dàn àárín Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní prairie jẹ́rìí sí i. Ní Illinois, wọ́n ti fi ro oko débi pé èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá 1 nínú 1,000. Ó máa ń dùn mí bí àwọn tó ń gbìyànjú láti dá a padà bá da irúgbìn tó ṣì wà láàyè nù.

Ẹ wo milkweed, òun nìkan ni ọmọ labalábá monarch ń jẹ kó tó hu ìyẹ́. Ẹbí kan náà ni òun àti bomubomu wa, oje funfun kan náà, òwú kan náà lára kóró. Ìgbà tí òtútù ń bọ̀ ni kóró rẹ̀ ń gbó. Bó bá hù nígbà yẹn, yìnyín á pa á. Ló bá ń sùn títí òtútù àti ọ̀rinrin yóò fi jí i. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn tó lọ́rinrin, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí firíìjì fún nǹkan bí 30 ọjọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á gbé e sí firíìjì ní gbígbẹ. Òtútù gbígbẹ ń tọ́jú irúgbìn ni, kì í jí i.

Ti Baptisia, òdòdó ọ̀dàn mìíràn, yàtọ̀. Èèpo rẹ̀ ló le, bíi ti kóró igbá tí a fi ń ṣe irú. Bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó ni ẹ ó fi ha á títí dídán ara rẹ̀ yóò fi kú díẹ̀, kí ẹ wá rẹ ẹ́ mọ́jú. Èyí tó wú ti mumi. Èyí tó ṣì kéré, ẹ tún un ha.

Ní 1879, William Beal, onímọ̀ nípa ewéko ní Amẹ́ríkà, ri 20 ìgò irúgbìn mọ́lẹ̀ ní Michigan. Wọ́n hú ọ̀kan jáde ní 2021, àwọn kan nínú rẹ̀ sì hù.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi èékánná tẹ kóró yín. Bó bá rọ̀, tó ń rùn, ó ti jẹrà. Bó bá ṣì le, ẹ dá a padà sínú yanrìn tó lọ́rinrin.