Bí bakitéríà inú ògì ṣe yí orúkọ padà

Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo rí, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, tó wá fi í sílẹ̀ kó kan, bakitéríà ló ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan tó sábà máa ń pọ̀ níbẹ̀, Lactobacillus plantarum la mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tó di April 2020 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lactiplantibacillus plantarum ni ká máa pè é. Orúkọ gùn bí oríkì!

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ o. Láyé ọjọ́un, ìrísí àti ìṣe ni wọ́n fi ń pín bakitéríà, ṣé roboto ni àbí gbọọrọ, kí ló ń jẹ, kí ló ń yọ jáde. Látìgbà tí Beijerinck, onímọ̀ bakitéríà kan, ti dá orúkọ Lactobacillus sílẹ̀ ní 1901, èyí tó bá ti rí bí ọ̀pá tó sì ń sọ ṣúgà di kíkan, inú àpò yẹn ni wọ́n ń jù ú sí, bí ìgbà téèyàn bá ní gbogbo ẹni tó kọ àbàjà, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n.

Carl Woese, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní University of Illinois l'Amẹ́ríkà, ló da gbogbo ẹ̀ rú. Ó ní ríbósóòmù, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì, wà lára gbogbo ohun abẹ̀mí, kóun kúkú ka RNA inú ẹ̀, èyí tó tò bí lẹ́tà inú ìwé, kóun fi wéra láti mọ ẹni tó bá ẹnì kejì tan. Kò sí mashíìnì tó ń kà á nígbà yẹn o, wọ́n á fún bakitéríà ní phosphorus oní-radioactive, wọ́n á yọ RNA ẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, fíìmù X-ray á gbé e jáde ní àmì tóótòòtó dúdú, bàbá yìí á wá tẹjú mọ́ ọn níwájú iná, ọdún lórí ọdún.

Ní 1977, òun àti George Fox ní àwọn kan tó ń ṣe gáàsì methane, tí gbogbo ayé ń pè ní bakitéríà, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ gbáà ni wọ́n. New York Times gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́. Inú bí àwọn ọ̀gá kan, Salvador Luria tó ti gba Nobel tiẹ̀ fóònù Ralph Wolfe tó ń bá Woese ṣiṣẹ́ pé kó yáa jìnnà sí ọ̀rọ̀ rádaràda yẹn. Archaea là ń pè wọ́n lónìí.

Nígbà tí mashíìnì wá dé, tí wọ́n ń ka odindi jínóòmù, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ohun abẹ̀mí kan, wọ́n rí i pé àpò Lactobacillus ti kún jù, irú 261 ló wà níbẹ̀, òmíràn ò sì bá ẹnì kejì ẹ̀ tan rárá. Wọ́n tú u sí ìdílé 25. Fermentum, tóun náà máa ń wà nínú ògì, di Limosilactobacillus, ti inú yọ́gọ́ọ̀tì, delbrueckii, ò kúrò níbi tó wà. Wọ́n ṣáà gbọ́n o, lẹ́tà L ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ tuntun àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo orúkọ tuntun yẹn ló fi L bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ti ń kọ L. plantarum sára páálí ọjà ẹ̀ ò ní láti tẹ òmíràn.