Ọkàn Ọ̀pọ̀lọ́, Ẹ̀wà Kàlàbá àti Oògùn tí A Ń Dà sí Ẹ̀wà Jíjẹ

Nígbàkigbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì bá kọ́kọ́ wọ yàrá ìwádìí tí mo ti ń kọ́ni nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun kan wà tí mo mọ̀ pé yóò mú kí gbogbo wọn dákẹ́. A óò ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ba ọpọlọ ọ̀pọ̀lọ́ kan jẹ́ kí ó má baà mọ ìrora kankan mọ́, a óò la àyà rẹ̀, a óò yọ ọkàn rẹ̀ jáde, a óò sì gbé e sínú àwo tí omi iyọ̀ tí a fara balẹ̀ wọ̀n wà nínú rẹ̀. Ọkàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju kóró ẹ̀wà lọ. Kò sí ara tí ó so mọ́ mọ́, síbẹ̀ ó ń lù: ó ń fún pọ̀, ó ń tú, ó tún ń fún pọ̀. Nínú èdè wa, ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ya ọpọlọ orí wa sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò kiri lẹ́yìn òjò, ó sì yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ti àkọ́kọ́, ara ti kejì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni a ti rí i kọ́.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wò ó tẹ́rùn, n óò kán èròjà kan tí ó ń jẹ́ acetylcholine sínú omi náà, ìwọ̀nba díẹ̀ péré. Ọkàn á fà, á falẹ̀, á sì dúró. A óò fi omi iyọ̀ mìíràn ṣàn án, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni n óò wá da oògùn kan tí a ń pè ní eserine sí i, a óò dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, n óò sì tún kán acetylcholine tí kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Lọ́tẹ̀ yìí ọkàn náà á dúró, kò sì ní tètè padà. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ó dá ọkàn kékeré yẹn dúró kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń pa ènìyàn tí ó bá gbé oògùn kòkòrò mì.

Okùn ìmọ̀lára ni mo pe àwọn fọ́nrán tí ó ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí gbogbo ara. Iṣẹ́ tí ó ń gba inú wọn kọjá dà bí iná mànàmáná tí ó ń sáré, àwọn onímọ̀ sì ti mọ èyí kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó rú wọn lójú ni pé okùn ìmọ̀lára kì í kan iṣan tí ó ń pàṣẹ fún. Àlàfo wà láàárín wọn. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 20,000, nǹkan bí ìpín kan péré ni àlàfo tí ó wà níbi tí okùn ìmọ̀lára ti pàdé iṣan apá tàbí iṣan ẹsẹ̀. Ó kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n àlàfo ni. Àwọn kan ní iná náà ni ó ń fò ó kọjá, àwọn mìíràn ní rárá, èròjà olómi kan ni okùn ìmọ̀lára ń tú sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe àríyànjiyàn yìí.

Otto Loewi, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria, ni ó wá ọ̀nà tí a lè gbà fi ojú rí ìdáhùn. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé ojú oorun ni ìwádìí náà ti wá bá òun. Ó jí lóru, ó kọ ọ́ sórí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kò lè ka ohun tí ó kọ. Ní òru kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, èrò náà padà wá, kò sì dúró de ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́ kí ó tó gba yàrá ìwádìí lọ. Ó mú ọkàn àkèré méjì. Ó fi okùn ìmọ̀lára tí ń jẹ́ vagus sílẹ̀ lára ọ̀kan, ó gé e kúrò lára èkejì. Ó wá fi iná díẹ̀ ta vagus ọkàn àkọ́kọ́, ọkàn náà sì falẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ̀ pé yóò ṣe. Lẹ́yìn èyí ó fa omi tí ó wà nínú ọkàn àkọ́kọ́, ó sì dà á sí èkejì. Èkejì náà falẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó dáadáa, nítorí pé àlá nìkan ni àwọn tí ń sọ ìtàn yìí máa ń rántí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Kò sí okùn ìmọ̀lára lára ọkàn kejì, kò sì sí iná tí ó kàn án. Omi nìkan ni ó ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, nítorí náà inú omi ni àṣẹ náà wà. Ìwé ìwádìí yìí jáde ní ọdún 1921. Ní England, Henry Dale ti ṣe àyẹ̀wò acetylcholine láti ọdún 1914, ó sì ti rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ jọ iṣẹ́ vagus. Ní ọdún 1929 òun àti Dudley rí èròjà náà gan-an nínú ara màlúù àti ẹṣin. Àwọn méjèèjì, Loewi àti Dale, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1936.

Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ pé acetylcholine ni ó ń jẹ́ iṣẹ́, a ṣì ní láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ́ ẹ tán. Ẹni tí ó bá ti wo onígángan dáadáa yóò ti rí i pé kì í ṣe fífún nìkan ni ó ń mú kí ìlù sọ̀rọ̀. Ó ń fún ọṣán mọ́ra, ó sì ń dẹ̀ ẹ́ kí ó tó tún fún un. Bí ó bá fún un mọ́ra tí kò dẹ̀ ẹ́ mọ́, ohùn kan ṣoṣo ni a óò máa gbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ara. Acetylcholine gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ní wàrà kí àṣẹ tuntun tó lè kọjá, ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ cholinesterase ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ agbálẹ̀ níbẹ̀. Ó wà nínú àwọn tí ó yára jù lọ nínú gbogbo ẹ́ńsáìmù tí a mọ̀: láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ó ti gé èròjà náà sí wẹ́wẹ́.

Ní ọdún 1926, Loewi àti Navratil fi hàn pé eserine ni ó ń de agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́. Inú ẹ̀wà kan láti agbègbè wa ní Nàìjíríà ni oògùn náà sì ti wá. Ẹ̀wà yìí, tí ń hù ní agbègbè Kàlàbá, tí àwọn Efik ń pè ní esere, ni wọ́n fi ń dán ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wò ní ayé àtijọ́: bí ó bá bì í, kò jẹ̀bi, bí ó bá kú, wọ́n gbà pé ẹ̀sùn náà mú un. Ní ọdún 1855, Robert Christison ní Edinburgh jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti mọ ohun tí ó ń ṣe, àárẹ̀ sì mú un débi pé ó ní láti gbé omi tí ó fi fá irùngbọ̀n mì kí ó lè bì. Ní ọdún 1863, Argyll Robertson, dókítà ojú, fi hàn pé ó ń mú kí ihò dúdú àárín ẹyinjú sún kì. Ní ọdún 1935, Percy Julian, ọmọ adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà láti pò ó nínú yàrá ìwádìí láìlo ẹ̀wà náà rárá.

Ohun tí ó lè pa ni ó tún lè gbani, bí a bá mọ ìwọ̀n rẹ̀. Dókítà Mary Walker, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Greenwich ní London, tọ́jú obìnrin kan ní ọdún 1934 tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti já wálẹ̀, tí gbogbo iṣan ara rẹ̀ sì ti rọ. Àìsàn yìí, myasthenia gravis, jọ iṣẹ́ oró ọfà àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà, eserine sì ni a fi ń ṣẹ́gun oró náà. Walker gún un ní abẹ́rẹ́ eserine, kí wákàtí kan tó pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ti gòkè. Nígbà tí agbálẹ̀ kò tètè gbá a lọ, ìwọ̀nba àṣẹ tí ń dé ọ̀dọ̀ iṣan rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀ tó láti gbà wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjà wa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní ọ̀tápíápíá ni dichlorvos, èyí tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ sí DDVP, òun sì ni wọ́n ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Agbálẹ̀ kan náà ni ó ń dè, nítorí pé kòkòrò àti ènìyàn jọ ń lo èròjà kan náà nínú okùn ìmọ̀lára wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti eserine ni pé eserine máa ń tú agbálẹ̀ sílẹ̀ bí wákàtí mélòó kan bá ti kọjá, ṣùgbọ́n dichlorvos ń rọ̀ mọ́ ọn, bí ó bá sì pẹ́ lára rẹ̀, kò ní tú u sílẹ̀ mọ́ àfi kí ara ṣe òmíràn. Nítorí náà ni a fi ń rí ẹni tí ó bá gbé e mì tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí òógùn ń bò ó, tí ó ń bì, tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ihò ẹyinjú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí iṣan ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó sì wá ń ṣòro fún un láti mí. Àìrí èémí mí ni ó sábà máa ń pa á.

Nígbà náà, ẹ má fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé èyí dun àwọn ìyá wa láti gbọ́, ṣùgbọ́n epo kò lè tú agbálẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ nígbà tí aláìsàn bá ń bì. Ẹ má fi ipá mú un bì pẹ̀lú. Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn ti kàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ara rẹ̀, kí ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání. Dókítà yóò fún un ní atropine, tí ó ń dí ẹnu ọ̀nà tí acetylcholine ń gbà wọlé sí ọkàn, ifun àti ẹ̀dọ̀fóró. Atropine kì í ran iṣan tí ó ti rọ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí a fi tún ń lo pralidoxime tí ó ń fa oró kúrò lára agbálẹ̀, tí ẹ̀rọ amúnimí sì fi ṣe pàtàkì.

Ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà bi mí pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná kò ní pa oògùn inú ẹ̀wà nígbà tí a bá sè é?” Mo ní, “Ìyá mi, fífọ̀ àti sísè ń dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó mọ iye tí wọ́n dà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ọwọ́ pò ó, tí ẹ ń fa òórùn rẹ̀ símú nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin ni ó kọ́kọ́ ń bá jà.” Awọ ara àti imú ni ó ń gbà wọlé bí ẹnu. Ní ọdún 2015, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró, nítorí pé dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ tó mìlígíráàmù 0.03 sí 4.6 nínú kílò kan, nígbà tí 0.01 ni wọ́n fàyè gbà. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń rí i lórí àtẹ.

Kòkòrò ẹ̀wà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Ẹ sá ẹ̀wà kí ó gbẹ dáadáa, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí àpò onípele mẹ́ta tí kò gba afẹ́fẹ́ láyè, kí ó kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má baà ṣẹ́ kù sórí rẹ̀, kí ẹ sì dè é pinpin. Àwọn kòkòrò fúnra wọn ni yóò mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọn yóò sì kú, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti ń ṣí i wò kiri.