Ara mi le, kí ni mo fẹ́ lọ yẹ̀ wò? Ìbéèrè àwọn obìnrin lórí àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ

Ìbéèrè: Nǹkan kan ò ṣe mí. Kí ló máa gbé mi dé ọsibítù?

Ìbéèrè yìí ni mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn obìnrin, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan. Ìyá tó ń bi í lè má tíì pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ kan jẹ rí. Àárọ̀ kùtù ló ti máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ọmọ lẹ́yìn, káàdì nínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án. Nígbà tó lóyún, kò fi ọjọ́ ìtọ́jú aboyún ṣeré. Ohun tí gbogbo wa bá láyé ni pé oyún, ọmọ tàbí àìsàn ló ń gbé obìnrin dé ọsibítù. Kí ẹni tí ara rẹ̀ le ṣàdédé gbéra, lójú ọ̀pọ̀, ẹni tó ń wá ohun tí kò sọnù ni.

Àmọ́ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kì í ro èèyàn nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Harald zur Hausen, dókítà ará Jámánì, ló tọpasẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2008. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lé kòkòrò náà jáde fúnra rẹ̀. Lára ẹni tí kò bá lọ, ó sábà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Tí ara ò bá lágbára, bíi ti ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fi máa yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró pátápátá, ó ti lè wọlé jìnnà. Àwọn ọdún tí ara fi le yẹn gan-an ni àyẹ̀wò wà fún.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa àìsàn?

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i." Àmín. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì di jẹjẹrẹ ni àyẹ̀wò yìí ń wá. Obìnrin á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bò ó, nọ́ọ̀sì á fi irin tàbí ike kékeré la ojú ara díẹ̀ kó lè rí ẹnu ilé ọmọ. Á wá fi òwú tó ti rì sínú omi kan tó kan bíi fínígà pa ibẹ̀. Á dúró bí ìṣẹ́jú kan. Tí ojú ibẹ̀ bá funfun lọ́nà tí kò yẹ, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n lè fi ohun gbígbóná tàbí ohun tó tutù nini pa ibẹ̀ run, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Ilé ọmọ wà níbẹ̀ digbí.

Ìbéèrè: Ojú ń tì mí.

Ó yẹ kó tì yín, ibi ìkọ̀kọ̀ ni. Ẹ ní kí obìnrin ṣe é fún yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Níbi tí wọ́n bá ti ní àyẹ̀wò HPV, èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, obìnrin lè fi òwú gba omi ojú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan ń jágbe mọ́ ìyá ọlọ́mọ. Obìnrin tí wọ́n bá dójú tì báyẹn kì í padà wá, á sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá rí HPV, kí ni màá sọ fún ọkọ mi?

Ẹ sọ fún un pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti mọ ọkùnrin tàbí obìnrin rí ni kòkòrò yìí ti dé ara wọn. Ó lè sùn sára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà láti ìgbà tí ẹ kò tíì mọra yín. Kò sẹ́ni tó lè fi ṣe ẹ̀rí pé ẹnì kan ṣàgbèrè.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n lọ?

Láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wí. Ẹni tó ní HIV, láti ọdún 25.

Ìbéèrè: Wọ́n ní abẹ́rẹ́ HPV tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin ń sọni di àgàn.

Irọ́ ni. Jẹjẹrẹ yìí gan-an ló lè gba ilé ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ ọmọdé ni pé abẹ́rẹ́ náà ń dènà kòkòrò, kò lè lé èyí tó ti wọlé. Kò sì dènà gbogbo ẹ̀yà HPV, nítorí náà ọmọ tó gbà á ṣì máa lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tó bá dàgbà.