Báwo ni odò ṣe ń kún níbi tí òjò kò rọ̀ sí?

Fídíò kan tún ti ń lọ káàkiri lórí fóònù wa, láti Kàbà dé Ìsánlú. Àwọn èèyàn ń lúwẹ̀ nínú omi tó mọ́ bí aró tí a là. Kò pẹ́, omi pupa ẹlẹ́rẹ̀ ya bo ibẹ̀. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé fídíò odò méjì ni wọ́n so pọ̀. Kì í ṣe irọ́. Àwọn ọmọ wa náà máa ń gun òkè, wọ́n sì ń lúwẹ̀ nígbà ọdún, ìdí nìyí tí mo fi ń dáhùn ìbéèrè yín.

Níbo ló ti ṣẹlẹ̀?

Ní àfonífojì Havasu, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ẹ̀ka kan ni lára Grand Canyon, àfonífojì tí odò Colorado gbẹ́, tó gùn tó kìlómítà 446. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Havasupai ni. Àlejò gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ ló sì ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 13 kí wọ́n tó dé abúlé wọn. Lọ́jọ́ náà, èèyàn tó lé ní 100 ni hẹlikọ́pítà kó jáde. Ẹnì kan bómi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀.

Ṣé omi bí aró yẹn náà ló di pupa?

Òun náà ni. Èròjà bí ẹfun tó yọ́ láti inú òkúta ló fún un láwọ̀. Nígbà tí àgbàrá gbé erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀, àwọ̀ náà bò.

Bí òjò kò bá rọ̀ níbì kan, báwo ni odò ibẹ̀ ṣe ń kún?

Èyí ni mo fẹ́ kó yé yín jù lọ. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, àgbàrá pa èèyàn 11 ní Antelope Canyon, ní Arizona kan náà. Òjò ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbi tí wọ́n wà. Òkè odò, níbi tó jìnnà sí wọn, ló ti rọ̀.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí àwa ará Kogi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí omi bo Lọ́kọ́ja tí ọ̀nà Àbújá dí, ṣé òjò Lọ́kọ́ja nìkan ló ṣe é? Omi tí Ọya àti Bẹ́núè gbé bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ló pàdé níbẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sí gbogbo ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ sí odò, ti odò náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Ọya a máa fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kún. Àfonífojì tóóró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Kí ló mú un yá tó bẹ́ẹ̀?

Àpáta ni. Ẹ wo àpáta Ògìdì nígbà tí òjò bá ń rọ̀: omi ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹni pé orí páánù ló ń rọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Arizona yẹn rí, igi tí yóò fa omi mu kò sì pọ̀. Nígbà tí gbogbo omi náà bá wọ àárín ògiri òkúta méjì, kò ríbi tàn sí, òkè ló ń ga sí.

Mo mọ omi wẹ̀. Kí ni mo ń bẹ̀rù?

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Omi tó ń sáré, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé géńdé ṣubú. Àgbàrá kì í sì í dá wá: ìtì igi àti òkúta ló ń yí bọ̀.

Ṣé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa?

A kò ní àfonífojì tó jìn tó yẹn, ṣùgbọ́n odò kékeré ẹsẹ̀ òkè lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Mo wà létí ọ̀kan rí, oòrùn ń ràn, mo ń wo òkúta wẹẹrẹ lábẹ́ omi tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ewé gbígbẹ kọ́kọ́ léfòó kọjá, ìfófòó tẹ̀ lé e, omi wá dà bí ògì bàbà. Màmá kan tó ń fọ pákí níbẹ̀ kígbe pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gòkè!” Ó fi agbọ̀n pákí rẹ̀ sílẹ̀, ó gòkè. Ká tó yíjú padà, omi ti gbé agbọ̀n náà lọ.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ máa wo òkè odò, ẹ má wo ojú ọ̀run orí yín nìkan. Bí òkè ibẹ̀ bá ṣú tàbí tí àrá ń sán, ẹ jáde. Bí omi bá dàrú, tí igi wẹ́wẹ́ ń bọ̀, tí ẹ gbọ́ ìró bíi ti ọkọ̀ àjàgbé, ẹ gun ibi gíga ẹ̀gbẹ́ odò. Ẹ má ṣe bá ipa odò sáré lọ sísàlẹ̀. Bàtà àti fóònù tó kù sétí omi, ẹ má padà lọ mú un. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá wọ odò látìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá.

Ṣé ká má lọ mọ́ ni?

Ẹ máa lọ. Ẹ ṣáà bi ará abúlé ibẹ̀ kí ẹ tó bọ́ bàtà.